Táńkì Omi Gbígbóná Tó Ń Jò Lójú Wẹ́ẹ̀dì: Ẹ Má Ṣe Lẹ̀ Ẹ́ Pa, Ẹ Wá Ohun Tó Ń Jẹ Ẹ́

 

Lásìkò òtútù, omi gbígbóná ni ọ̀rẹ́ àwọn ìdílé wa tó wà nílùú Ọba láti ìdájí títí di ìgbà tí wọ́n bá sùn. Òun ni ọ̀pọ̀ fi ń ṣe àlùwàlá kí wọ́n tó kí ìrun àsùbáà. Òun la fi ń wẹ ọmọ kó tó lọ sílé ìwé, òun la fi ń fọ abọ́ àti aṣọ. Inú táńkì kan tí wọ́n gbé pamọ́ sínú kọ́bọ́ọ̀dù ni omi yìí ti ń wá ní ọ̀pọ̀ ilé, a kì í sì í rántí pé táńkì wà níbẹ̀ àfi ọjọ́ tí kápẹ́ẹ̀tì bá rin.

Ohun tí a fẹ́ sọ lọ́tẹ̀ yìí ni ti táńkì tó bá ń jò lójú wẹ́ẹ̀dì, ìyẹn ojú ibi tí wọ́n ti fi iná jó irin kan mọ́ èkejì nígbà tí wọ́n ń ṣe táńkì náà. Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi bọ́ sí abala ìlera ni pé ewu mẹ́ta ló ń bá a wọlé: ọ̀rinrin tó ń yọ ẹ̀dọ̀fóró lẹ́nu, omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ tí kòkòrò àìsàn ń pọ̀ sí i nínú rẹ̀, àti iná mànàmáná tó ń pàdé omi. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó bá rí i tó ń jò máa ń wá gọ́ọ̀mù tí wọ́n á fi lẹ̀ ẹ́ pa. Àwọn mìíràn á rẹ ooru táńkì sílẹ̀ kí jíjò náà lè dín kù. Ọ̀nà méjèèjì léwu, nítorí pé ojú wẹ́ẹ̀dì tó ń jò ń sọ fún wa pé nǹkan kan ti ń jẹ táńkì náà láti inú. Ohun náà ló yẹ ká wá kàn.

Ṣé ojú wẹ́ẹ̀dì ló ń jò lóòótọ́?

Omi máa ń rìn. Ó lè sun jáde lókè, kó gba abẹ́ fóòmù tí wọ́n fi bo ara táńkì sọ̀ kalẹ̀, kó wá máa kán nísàlẹ̀, káwa sì rò pé ìdí táńkì ló ti lu. Nítorí náà, kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni, ẹ pa suwíìsì iná táńkì náà, ẹ jẹ́ kí ara rẹ̀ tutù díẹ̀, kí ẹ wá fi aṣọ gbígbẹ nu òun àti àwọn páìpù rẹ̀ gbẹ táútáú. Lẹ́yìn èyí, ẹ fi tíṣù kan ojú ibi kọ̀ọ̀kan láti òkè wá sísàlẹ̀. Ibi tí tíṣù bá ti kọ́kọ́ rin ni omi ti ń wá.

Ohun mẹ́rin wà tí àwọn ènìyàn máa ń ṣì pè ní jíjò wẹ́ẹ̀dì. Èkíní ni ìlàágùn páìpù. Páìpù omi tútù tó wọ ìdí táńkì máa ń làágùn bí ìgò ẹlẹ́rìndòdò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú fíríìjì jáde, pàápàá nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ bá gbóná. Èkejì ni ibi tí wọ́n ti fi nọ́ọ̀tì de páìpù mọ́ táńkì. Púlọ́ńbà lè mú un le tàbí kó tún un dè láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ̀kẹta ni rọ́bà tó wà nídìí hítà, ìyẹn irin oníná tó ń gbé omi kaná nínú táńkì. Rọ́bà náà máa ń gbó, ṣùgbọ́n pípààrọ̀ rẹ̀ kò wọ́n.

Ẹ̀kẹrin ni páìpù tí fáàfù ààbò ń tu omi sí. Bí omi bá ń jáde níbẹ̀, táńkì kò tíì lu. Fáàfù ló ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ nítorí pé agbára omi inú táńkì ti pọ̀ jù. Ẹ má ṣe dí ẹnu páìpù yìí láé, ì báà jẹ́ omi díẹ̀ ló ń kán níbẹ̀. Táńkì tí omi rẹ̀ ń hó tí kò sì ríbi mí lè bú gbàù, agbára rẹ̀ sì tó láti wó ògiri.

Bí ẹ bá ti yọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí kúrò, tí ẹ sì rí ìlà ìpẹtà tó tẹ̀ lé ojú wẹ́ẹ̀dì, tàbí ohun funfun bí ẹfun tó gbẹ mọ́ ọn, tàbí tí ibẹ̀ tún rin láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ nù ún, ojú wẹ́ẹ̀dì ló lu. Lára táńkì tí wọ́n fi bàbà ṣe, àwọ̀ ewé tàbí búlúù ni ẹ ó rí dípò ìpẹtà, ibi tí wọ́n ti fi òjé irin lẹ bàbà pọ̀ ni ó sì sábà máa ń wà.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ojú wẹ́ẹ̀dì?

Àwọn àgbà ní kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti táńkì. Iná tí wọ́n fi jó irin pọ̀ máa ń yí ara irin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n jó padà. Irin tí kì í dípẹtà, èyí tí wọ́n ń pè ní sítéńlẹ́ẹ̀sì, ní awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tó ń dáàbò bò ó. Awọ yìí máa ń rẹ̀ sílẹ̀ níbi tí iná wẹ́ẹ̀dì bá ti kàn án, bí wọn kò bá fọ ibẹ̀ dáadáa lẹ́yìn jíjó. Omi tí irú iyọ̀ tí wọ́n ń pè ní chloride bá pọ̀ nínú rẹ̀ á wá ibẹ̀ kàn, á sì máa gbẹ́ ẹ ní ihò kékeré títí yóò fi lu.

Àwọn táńkì mìíràn jẹ́ irin lásán tí wọ́n fi tánńganran bo inú rẹ̀, bí ti àwo tánńganran tí àwọn ìyá wa ń lò. A mọ bí àwo náà ṣe ń rí bí ó bá já lulẹ̀ tí tánńganran rẹ̀ fi hó: láàárín ọjọ́ díẹ̀, ìpẹtà á ti yọ níbẹ̀. Ojú wẹ́ẹ̀dì ni tánńganran ti máa ń fẹ́lẹ́ jù nínú táńkì. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ṣe é fi máa ń ki ọ̀pá magnesium sínú rẹ̀. Ọ̀pá yìí ni omi á máa jẹ dípò táńkì. Bí omi bá jẹ ẹ́ tán tí ẹnikẹ́ni kò pààrọ̀ rẹ̀, ara táńkì ló kàn.

Ohun kejì ni agbára omi. Omi máa ń wú bó bá gbóná. Bí omi lítà 200 bá gbóná láti ìwọ̀n 10°C dé 60°C, yóò fi lítà 3 ó lé díẹ̀ pọ̀ ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ. Lára àwọn táńkì tó ń gba omi tààrà láti ẹ̀rọ omi ìlú, agolo kan tó ní afẹ́fẹ́ nínú máa ń wà tí yóò gba omi tó wú yìí. Bí afẹ́fẹ́ inú agolo náà bá ti tán, ara táńkì ni agbára omi yóò máa tì nígbàkígbà tí omi bá gbóná, á sì padà sílẹ̀ nígbà tó bá tutù. Bí a bá ń tẹ wáyà síwá sẹ́yìn, ibi kan náà ni yóò ti kán níkẹyìn. Ojú wẹ́ẹ̀dì ni ibi náà lára táńkì.

Ẹ̀kẹta kan àwọn táńkì ńlá tí omi rédíétọ̀ wà nínú wọn, bí irú èyí tí àwọn tó ń fi igi dáná bọ́ílà ń lò láti tọ́jú ooru. Omi kan náà ló yẹ kó máa yípo nínú rẹ̀. Afẹ́fẹ́ inú omi náà á tán láìpẹ́, ìpẹtà á sì dúró. Ṣùgbọ́n bí ibì kan bá ń jò, tí à ń rọ omi tuntun sí i lójoojúmọ́ kí ọwọ́ gééjì lè gòkè, afẹ́fẹ́ tuntun là ń fún ìpẹtà jẹ. Jíjò kékeré kan á wá bí òmíràn.

Ohun tí ẹ ó ṣe lọ́jọ́ náà gan-an

1. Ẹ pa iná. Ẹ pa suwíìsì hítà, kí ẹ sì pa bọ́ílà. Bí omi bá ti kan suwíìsì tàbí sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ má ṣe fọwọ́ kan án. Ẹ lọ pa iná gbogbo ilé níbi tí àwọn fíúsì wà, bó bá jẹ́ pé ibi gbígbẹ lẹ máa gbà débẹ̀. Bó bá jẹ́ igi ló ń dáná fún táńkì, ẹ jẹ́ kí iná náà kú pátápátá kí ẹ tó tú omi rẹ̀.

2. Ẹ ti fáàfù omi tútù tó ń wọ inú táńkì. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ ti ti gbogbo ilé, èyí tó sábà máa ń wà lábẹ́ síǹkì ilé ìdáná.

3. Ẹ ṣí ẹ̀rọ omi gbígbóná kan kí agbára omi lè rẹ̀ sílẹ̀. Omi lè dákẹ́ lẹ́nu ẹ̀rọ, kí táńkì sì kún síbẹ̀. Lítà 200 jẹ́ ìwọ̀n kílò 200, ẹ má sì ṣe gbìyànjú láti sún un. Ẹ jẹ́ kí ó tutù kí ẹ tó fi rọ́bà tú u láti fáàfù ìdí rẹ̀ sí ojú gọ́tà.

4. Ẹ wo àjà yàrá tó wà nísàlẹ̀. Bí ó bá ti wú tàbí tó tẹ̀, ẹ kó àwọn ọmọ kúrò níbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì dúró sábẹ́ rẹ̀.

5. Ẹ ya fọ́tò, kí ẹ kọ ọjọ́ àti àkókò sílẹ̀, kí ẹ sì ka iye ìgbà tó ń kán láàárín ìṣẹ́jú kan. Bó bá ń kán lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, tí nǹkan bí ẹ̀kán 20 sì jẹ́ mìlílítà kan, lítà mẹ́rin ó lé ni yóò ti bọ́ sí ilẹ̀ yín kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Kì í ṣe ohun tí a ń fi bákẹ́ẹ̀tì sí lábẹ́ ká máa sùn.

Títí tí òṣìṣẹ́ yóò fi dé, kẹ́tù tàbí ìkòkò lẹ ó máa fi gbé omi kaná. Bí ẹ bá fẹ́ wẹ ọmọ, omi tútù ni kí ẹ kọ́kọ́ bù sínú bàsíà, kí ẹ tó bu gbígbóná lé e, kí ẹ sì fi ìgbọ̀nwọ́ tọ́ ọ wò. Omi tútù tó fún àlùwàlá. Ẹni tí ara rẹ̀ kò bá gbà á lè fi ìwọ̀nba omi kẹ́tù là á.

Àwọn àtúnṣe tó ń dá wàhálà sílẹ̀

A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Gọ́ọ̀mù tí wọ́n ń pò pọ̀, èyí tí àwọn mọkáníìkì fi ń dí ara mọ́tò, lè dá omi dúró fún ọjọ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n òde táńkì ló lẹ̀ mọ́, inú sì ni ìpẹtà ti ń ṣiṣẹ́ lọ. Nígbà tó bá tún máa lu, ihò ńlá ni yóò jẹ́, ó sì lè jẹ́ ọ̀gànjọ́ òru. Yàtọ̀ sí èyí, ohun tí wọ́n kò ṣe fún omi ènìyàn kò yẹ kó kan omi ènìyàn. A máa ń fi omi yìí yọ ẹnu, a sì máa ń fà á símú lásìkò àlùwàlá, nítorí náà ohun tó bá wà nínú rẹ̀ á wọ ara wa ní tààrà.

Wọ́n tún ń ta oògùn olómi kan tí a máa ń dà sínú omi rédíétọ̀ kí ó lè dí ihò kékeré. Omi rédíétọ̀ nìkan ni wọ́n ṣe é fún. A kò gbọ́dọ̀ dà á sínú táńkì tí omi rẹ̀ ń dé ẹnu ẹ̀rọ baluwẹ̀ tàbí ti ilé ìdáná. Òjé tó ní májèlé lẹ́ẹ̀dì nínú náà kò gbọ́dọ̀ dé ara páìpù tàbí táńkì omi tí ènìyàn ń lò. Májèlé yìí máa ń ṣe ọpọlọ ọmọdé lọ́ṣẹ́, ọṣẹ́ náà kì í sì í ṣe é wò padà.

Bí ẹnì kan bá ní òun fẹ́ mú ẹ̀rọ wẹ́ẹ̀dì wá sílé, ẹ bi í léèrè ọ̀rọ̀. Ojú tó rin kì í gba wẹ́ẹ̀dì, nítorí oru omi á máa lu ihò sínú rẹ̀ bó ṣe ń jó o. Táńkì tí ẹnu rẹ̀ dé pa tí wọ́n sì ń jó lè bú. Irin tí wọ́n fi síńkì bò lára máa ń tú èéfín funfun jáde bí iná bá kàn án, ẹni tó bá sì fà á símú nínú yàrá tí kò ní fèrèsé lè máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe kó tó di òru ọjọ́ náà.

Ìgbà méjì péré ni wẹ́ẹ̀dì lè bójú mu. Àkọ́kọ́ ni táńkì tuntun tó jò láàárín oṣù díẹ̀ tí wọ́n gbé e dé. Àṣìṣe àwọn tó ṣe é nìyẹn, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi gàráńtì pààrọ̀ rẹ̀, kí ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án, torí gàráńtì á bàjẹ́. Èkejì ni táńkì ńlá onírin nípọn tó jẹ́ ti omi rédíétọ̀ nìkan. Wẹ́dà tó mọṣẹ́ lè tú omi rẹ̀ tán, kó ṣí i sílẹ̀ kí oru lè ríbi jáde, kó fi ẹ̀rọ lọ ojú wẹ́ẹ̀dì àtijọ́ kúrò kọjá ibi tí ó ti lu títí yóò fi kan irin tó mọ́, kó tún un jó, kó sì fi agbára omi dán an wò kí wọ́n tó dá a padà. Jíjó òmíràn lé orí èyí tó lu kì í pẹ́ tún jò. Bí irin ibẹ̀ bá sì ti fẹ́lẹ́, iná wẹ́ẹ̀dì á kàn fẹ ihò náà lójú ni. Táńkì tuntun ló kù.

Ẹ má ṣe rẹ ooru sílẹ̀

Òótọ́ ni pé jíjò máa ń dín kù bí a bá rẹ ooru táńkì sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ewu tí a kò fi ojú rí wà. Lọ́dún 1976, nílùú Philadelphia ní Amẹ́ríkà, àwọn ajagunfẹ̀yìntì pàdé fún àpérò ní òtẹ́ẹ̀lì kan. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, òtútù àyà líle kọlu ọ̀pọ̀ nínú wọn, ènìyàn 34 ló sì kú nínú àjàkálẹ̀ náà. Lọ́dún 1977 ni àwọn onímọ̀ kéde kòkòrò tó fà á. Legionella ni wọ́n pè é, láti ara orúkọ ẹgbẹ́ àwọn ajagunfẹ̀yìntì náà.

Inú omi ni kòkòrò yìí ń gbé. Láàárín 20°C sí 45°C ló ti máa ń pọ̀ sí i, pàápàá níbi tí ìpẹtà àti ẹrọ̀fọ̀ bá wà nísàlẹ̀ táńkì. Kì í ti ara ẹnì kan ran ẹlòmíràn. Ìkùukùu omi tí a ń fà símú, bí irú èyí tó ń ti ṣáwà jáde, ló sábà máa ń gbé e dé ẹ̀dọ̀fóró. Àwọn tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, àwọn tó ń mu sìgá, àwọn tó ní àìsàn ẹ̀dọ̀fóró tàbí ìtọ̀ ṣúgà, àti àwọn tí ara wọn kò lágbára ló wà nínú ewu jù. Nínú ilé wa, ìyá àgbà tó wá bá wa tọ́jú ọmọ lè jẹ́ ọ̀kan nínú wọn.

Ìdí nìyí tí àwọn aláṣẹ ìlera ní Bìrìtìkó fi ní kí a máa tọ́jú omi gbígbóná pa mọ́ ní ìwọ̀n 60°C. Kòkòrò náà kì í lè pẹ́ láyé nínú ooru yẹn. Ṣùgbọ́n omi 60°C lè bó ènìyàn lára láàárín ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún, ti ọmọdé sì máa ń yá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, inú táńkì ni kí ooru wà. Ní ẹnu ẹ̀rọ baluwẹ̀, kí púlọ́ńbà fi fáàfù tó ń po omi tútù mọ́ gbígbóná síbẹ̀. Nínú àwọn ilé tuntun ní Ìńgíláàńdì, òfin ilé kíkọ́ ní omi tó ń wọ inú báàfù kò gbọ́dọ̀ gbóná ju 48°C lọ.

Bí táńkì yín bá ti wà ní pípa fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀, ẹ má ṣe sáré wọ abẹ́ ṣáwà lọ́jọ́ tí wọ́n bá tún un ṣe tán. Ẹ jẹ́ kí ó gbóná dé 60°C, kó sì dúró bẹ́ẹ̀ fún wákàtí kan ó kéré tán. Kí ẹ wá ṣí gbogbo ẹ̀rọ díẹ̀díẹ̀ kí omi àtijọ́ lè ṣàn lọ, kí fèrèsé wà ní ṣíṣí, kí ẹ sì tú orí ṣáwà kúrò kí omi má bàa fọ́n ká.

Ọ̀rinrin àti ẹ̀mí ọmọdé

Bí omi bá ń sun wọ inú pákó àti ògiri, ara ògiri á bẹ̀rẹ̀ sí í bu bíi búrẹ́dì tó pẹ́. Ẹ ó rí i tó ń ṣe dúdú ní kọ̀rọ̀, ẹ ó sì gbọ́ òórùn rẹ̀ nínú aṣọ. Ohun dúdú yìí máa ń fọ́n eruku tí a kò lè rí, eruku náà sì ń mú ikọ́ wá, ó ń ru asíímà sókè, ó sì ń yọ èémí àwọn ọmọ ọwọ́ lẹ́nu.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, Awaab Ishak, ọmọ ọdún méjì, kú nílùú Rochdale ní Ìńgíláàńdì. Lọ́dún 2022, ẹni tó ṣèwádìí ikú rẹ̀ ní ilé ẹjọ́ sọ pé èébu tó pẹ́ lára ògiri ilé tí wọ́n háyà ló ba èémí ọmọ náà jẹ́. Àwọn òbí rẹ̀ ti fẹjọ́ sùn léraléra kí ó tó kú. Kì í ṣe táńkì ló fa ti ilé wọn, ṣùgbọ́n ara kò mọ ibi tí ọ̀rinrin ti wá. Nítorí ikú ọmọ yìí ni òfin kan fi jáde tí wọ́n ń fi orúkọ rẹ̀ pè, Òfin Awaab, èyí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹwàá ọdún 2025 fún ilé kánsù àti ti àwọn àjọ tó ń fi ilé háyà fún aráàlú ní Ìńgíláàńdì.

Òfin náà ní bí ewu bá jẹ́ ti pàjáwìrì, onílé gbọ́dọ̀ ṣe ìwádìí kó sì mú ewu náà kúrò láàárín wákàtí 24. Bó bá jẹ́ ọ̀rinrin tàbí èébu tó lè pa ni lára gan-an, ó gbọ́dọ̀ wá yẹ̀ ẹ́ wò láàárín ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá, kó sì mú un kúrò láàárín ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún lẹ́yìn àyẹ̀wò.

Bí ẹ bá háyà ilé lọ́wọ́ ẹnì kan lásán ńkọ́? Òfin Onílé àti Ayálégbé ti ọdún 1985, ní abala 11, sọ pé onílé ló ni ojúṣe láti máa tún páìpù omi, ohun tó ń mú ilé móoru àti ohun tó ń gbé omi kaná ṣe, fún àdéhùn tí kò tó ọdún méje ní Ìńgíláàńdì. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń dákẹ́ nítorí ìbẹ̀rù pé onílé á lé wọn jáde, tàbí nítorí pé wọn kò fẹ́ kí wọ́n pè wọ́n ní oníwàhálà. Ẹ fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu máa ń fò lọ. Lẹ́tà tàbí ìméèlì tó ní ọjọ́ àti fọ́tò nínú ni ẹ ó fi hàn ní kánsù bí onílé kò bá dáhùn.

Táńkì tuntun àti bí yóò ṣe pẹ́

Táńkì tó ń gba agbára omi ìlú tààrà kì í ṣe iṣẹ́ ẹnikẹ́ni tó bá ti ní sípánà. Òfin ilé kíkọ́ ní Ìńgíláàńdì, lábẹ́ ìpín G3, ní ẹni tó kọ́ iṣẹ́ náà ló gbọ́dọ̀ gbé e sílé. Bí bọ́ílà bá jẹ́ ti gáàsì, ẹ béèrè káàdì Gas Safe lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ kàn án, kí ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò. Kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ bi í ní ìbéèrè kan: "Kí ló jẹ èyí tó lọ?" Bí kò bá lè dáhùn, ohun tó jẹ ti àkọ́kọ́ lè jẹ èyí náà.

Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún. Kí wọ́n wo ọ̀pá magnesium bó bá ní, kí wọ́n wo afẹ́fẹ́ inú agolo tó ń gba omi wíwú, kí wọ́n dán fáàfù ààbò wò, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé táńkì. Àwọn ilé iṣẹ́ kan ń fún ara táńkì sítéńlẹ́ẹ̀sì ní gàráńtì ọdún 25, ṣùgbọ́n ìwé àyẹ̀wò ọdọọdún yìí ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ béèrè bí ẹ bá mú ẹjọ́ wá. Ẹ̀yin fúnra yín lè máa ṣí kọ́bọ́ọ̀dù lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí ẹ fi tíṣù tọ́ ojú wẹ́ẹ̀dì wò. Ẹ má sì jẹ́ kí aṣọ àti páálí bò ó títí ẹnikẹ́ni kò fi ní rí i bó bá ń sun.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa tó wà nílé, ní Èkó, Ìbàdàn tàbí Ìlọrin, táńkì kékeré tó ń gbé omi kaná tí ẹ gbé kọ́ sára ògiri baluwẹ̀ jẹ́ irú kan náà. Irin tí wọ́n fi tánńganran bo inú ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, wọ́n sì ní ọ̀pá magnesium tiwọn. Ewu tiyín tó pọ̀ jù ni iná. Bí ó bá ń jò, tí wáyà ilẹ̀ kò sì sí lára rẹ̀, omi ṣáwà lè gbé iná dé ara ẹni tó ń wẹ̀. Ẹ pa á níbi fíúsì kí ẹnikẹ́ni tó tún wọ baluwẹ̀ náà, kí ẹ sì jẹ́ kí oníṣẹ́ iná rí i pé wáyà ilẹ̀ wà níbẹ̀ kí ẹ tó tún tàn án.

Ẹ̀yin tí bákẹ́ẹ̀tì ti wà lábẹ́ táńkì yín láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹ pe púlọ́ńbà tàbí kí ẹ kọ̀wé sí onílé lónìí. Kí Ọlọ́hun Ọba bá wa ṣọ́ ilé wa, kó sì fún àwọn ọmọ wa ní ìlera. Àmín.